Ibi Ìpínyà Ni Iná Ti Ń Sọ



Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí gbogbo agbo ilé tanná lẹ́ẹ̀kan náà, tí agbára iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, ẹ tẹ́tí sí àpótí régulateur tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amómitutù. Ẹ ó gbọ́ ohùn kékeré kan nínú rẹ̀: kẹ́! Yóò dákẹ́ díẹ̀. Kẹ́! Kẹ́! Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ ohùn yìí títí ó fi dà bí ohùn aago ara ògiri létí wa. Ṣùgbọ́n bí a bá tú irú àpótí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó bá ẹnu irin kéékèèké nínú rẹ̀ tí ó ti dúdú, tí ó ti jẹ, tí òmíràn nínú wọn sì ti lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀ pátápátá. Kí ni ó jẹ wọ́n? Iná ni, iná tí ojú wa kì í sábà rí. Ọ̀rọ̀ iná náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ó ti bẹ̀ mí wò nílé rí, kò sì fi ọwọ́ òfo lọ.

Ní ilé bàbá mi ní Dowa, a ní kànga kan tí a gbé pọ́ǹpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ń fa omi lọ sínú táǹkì tí ó wà lórí òpó. Nínú táǹkì náà ni ohun kan léfòó tí ó máa ń mọ̀ bí omi bá kún. Yóò ránṣẹ́ sí ohun èlò kékeré kan nínú àpótí ara ògiri, èyí tí a ń pè ní rẹ̀lẹ́, rẹ̀lẹ́ yóò sì gé iná lẹ́nu pọ́ǹpù. Ọdún púpọ̀ ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí láìráhùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, omi kún, iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n rẹ̀lẹ́ kò gé iná. Omi ṣàn gba àgbàlá wa, ó ṣàn wọ ilé aládùúgbò, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa tòun ti ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Oníṣẹ́ tí a pè tú rẹ̀lẹ́, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ méjèèjì ti jó pọ̀. Ó fi ọ̀bẹ ya wọ́n, ó fi bébà oníyanrìn ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí wọ́n tún lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí ó padà dé, ó ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú mọ́. Ó yọ rẹ̀lẹ́ dànù, ó fi wáyà kan so ọ̀nà iná pọ̀ tààrà, ó ní kí a máa fi ọwọ́ tan pọ́ǹpù, kí a sì máa fi ọwọ́ pa á.

Ẹ gbọ́ ibi tí ó já sí. Ní ìgbà ẹ̀rùn, nígbà tí omi kànga ti lọ sílẹ̀, a tan pọ́ǹpù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná sì lọ. Kò sí ẹni tí ó rántí pa á. Ní òru, iná dé. Pọ́ǹpù fa ìwọ̀nba omi tí ó kù tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, ó gbóná, wáyà inú rẹ̀ sì jóná. Ìyá mi, tí yàrá rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ni òórùn rọ́bà tí ń jó jí lójú oorun. Ká ní oorun náà wọ̀ wọ́n lára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ǹ bá máa kọ lónìí. Owó pọ́ǹpù tuntun tó owó ilé ìwé ọmọ méjì fún ọdún kan. Àwọn àgbà ní bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orí ni oníṣẹ́ náà bẹ́ fún wa, èmi tí mo sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìkì dúró wò ó nígbà tí ó ń bẹ́ ẹ. Ìtìjú yẹn ni ó mú mi lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò.

Kí ni rẹ̀lẹ́? Orúkọ náà, relais lédè Faransé, ti wà kí iná mànàmáná tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ní ayé ìgbà tí ẹṣin ń gbé lẹ́tà kiri ilẹ̀ Faransé, relais ni ibùdó tí òjíṣẹ́ ti ń fi ẹṣin tí ó ti rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń gun òmíràn tí agbára rẹ̀ ṣì pé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà ránṣẹ́, wọ́n rí i pé ìṣàn iná tí ó bá rin ọ̀nà jíjìn máa ń rẹ̀ bí ẹṣin. Ní 1835, Joseph Henry, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo ìṣàn tí ó ti rẹ̀ yìí láti fa irin kékeré kan, kí irin náà lè ṣílẹ̀kùn fún ìṣàn mìíràn tí ó lágbára. Bẹ́ẹ̀ náà ni rẹ̀lẹ́ ilé wa ṣe ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a ká lọ́pọ̀ ìgbà bí òṣùká. Bí ìṣàn díẹ̀ bá gba inú òṣùká náà kọjá, òṣùká di òòfà, ó fa irin, irin sì mú ẹnu méjì pàdé kí iná ńlá lè kọjá. Bí ìṣàn òṣùká bá dáwọ́ dúró, sípíríǹgì á fa irin padà, ẹnu méjèèjì á sì pínyà. Ìránṣẹ́ kékeré ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ọba.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí ẹnu méjì bá pàdé ni iná ti ń jẹ wọ́n. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, n ó sì padà sí i. Ṣùgbọ́n ibi ìpínyà ni iná ti ń sọ jù. Ẹ wò ó báyìí. Bí irin méjì bá ń kúrò lára ara wọn, wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n ti fara kanra á máa kéré sí i, títí yóò fi ku ojúkò kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Gbogbo ìṣàn iná ni yóò wá há sí ojúkò yẹn, bí èrò ọjà ṣe máa ń há sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Irin ibẹ̀ yóò gbóná, yóò yọ́, yóò sì fà bí ewédú. Nígbà tí ohun tí ó ń fà náà bá já, ooru rẹ̀ ti sọ afẹ́fẹ́ àárín wọn àti èéfín irin di ọ̀nà fún iná. Iná yóò máa rìn lórí òfo láti ẹnu kan dé èkejì. Faransé ń pè é ní arc électrique. Afárá iná ni èmi ń pè é. Àwọn baba wa kò ṣì í pè nígbà tí wọ́n fi orúkọ mànàmáná ojú ọ̀run sọ iná yìí, nítorí iná tí ó fo òfo kọjá ni mànàmáná pẹ̀lú.

Agbára tí afárá yìí ń fẹ́ kò pọ̀. Láàárín ẹnu fàdákà méjì, nǹkan bí fóltì 12 àti ìdajì áńpíà ti tó o. Ooru inú rẹ̀ sì máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún digirí, bẹ́ẹ̀ fàdákà ń yọ́ ní digirí 962, bàbà sì ń yọ́ ní 1085. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nítòsí jórinjórin rí, iná tí wọ́n ní kí ẹ má ṣe wò lójú yẹn, afárá iná kan náà ni. Jórinjórin mọ̀ọ́mọ̀ dá a láti fi lẹ irin mọ́ irin ni. Rẹ̀lẹ́ wa ń dá a láìfẹ́, ní ìwọ̀n kékeré, nígbàkígbà tí ó bá ń gé iná. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Lọ́jọ́ kan, rẹ̀lẹ́ á lẹ ara rẹ̀ pọ̀.

Irú ẹrù tí rẹ̀lẹ́ ń gé tún lè mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Gílóòbù àtijọ́ kì í jà púpọ̀ bí a bá gé e. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù, ẹ̀rọ amómitutù, fáànù, àti gbogbo ohun tí òṣùká wáyà bá wà nínú rẹ̀, kì í fẹ́ kí ìṣàn wọn dúró lójijì. Ẹ rántí ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Bí atukọ̀ bá yọ ọ̀pá rẹ̀ nínú omi, ọkọ̀ á ṣì máa sún lọ. Bí ó bá wá kọlu èbúté lójijì, agbára tí ó kù nínú rẹ̀ ni yóò fọ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùká rí. Agbára tí ó ti kó pamọ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bí a bá dí ọ̀nà náà, yóò gbé fóltì rẹ̀ ga títí yóò fi fo òfo kọjá. Òṣùká tí ó ń jẹ iná bátìrì fóltì 12 lè ta ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóltì ní ìṣẹ́jú tí a gé e. Agídí kò ràn án. Ọ̀nà ni a ní láti là fún un.

Ní Paris ni wọ́n ti la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Heinrich Ruhmkorff, ọmọ Jámánì tí ó fi ìlú náà ṣe ilé, ń ṣe òṣùká ńláńlá tí ń ta iná gígùn nínú afẹ́fẹ́. Irin kékeré kan ni ń gé ìṣàn rẹ̀ léraléra, ẹnu irin náà sì ń jó. Ní 1853, Hippolyte Fizeau, ẹni tí ó ti wọn eré ìmọ́lẹ̀ ní 1849, dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi kọ̀ńdáńsátọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí ń pínyà. Kọ̀ńdáńsátọ̀ dà bí ìkòkò òfìfo. Ní ìgbà kúkúrú tí ẹnu méjì fi ń jìnnà síra wọn, inú ìkòkò ni ìṣàn ń dà sí, kò ráyè fo afẹ́fẹ́. Kí ìkòkò náà tó kún, àlàfo ti fẹ̀, afárá kò sì lè dúró mọ́. Iná ẹnu irin dín kù, òṣùká náà sì túbọ̀ lágbára. Ní 1864, Ruhmkorff gba ẹ̀bùn 50.000 fráǹkì tí ọba Napoléon III dá sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Paris nìkan nìyẹn. Ó ti wà ní Àjàṣẹ́ tipẹ́. Ẹ rántí Peugeot 404 àti 504 àtijọ́, àwọn tí ń mu bẹntiróòlù, tí wọ́n gbé àwọn òbí wa lọ sí Sakété, Pobè àti Èkó. Nínú wọn ni ẹnu irin méjì wà tí mẹkáníìkì ń pè ní vis platinées. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pínyà, òṣùká ọkọ̀ á ta iná sínú bùjí kí epo lè jó. Agolo kékeré kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí tọ mẹkáníìkì àgbà kan lọ ní àdúgbò wa.

“Bàbá, kí ni iṣẹ́ agolo yìí?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Púrọ́ọ̀fù, ṣé ẹ̀yin náà ló ń bi mí? Bí èyí bá kú, ẹnu vis á di búlúù, á jẹ, ọkọ̀ á máa wúkọ́. Ẹ lè máa fi fáìlì ha á dọ̀la o, ẹ̀ ń ṣòfò. Agolo yìí ni kí ẹ pààrọ̀.”

Kọ̀ńdáńsátọ̀ Fizeau ni bàbá ń fi hàn mí. Ohun tí ìwé mi fi ojú ewé púpọ̀ sọ ni wọ́n fi gbólóhùn mélòó kan sọ tán, ó sì yé mi jù.

Kí ni a wá lè ṣe fún rẹ̀lẹ́ inú ilé wa? Bí ó bá ń gé òṣùká tí ń jẹ iná bátìrì, díọ́dù kan ṣoṣo, tí owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì, lè gba ẹnu rẹ̀ là. Ìlẹ̀kùn tí ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan ni díọ́dù. Ẹ̀gbẹ́ òṣùká ni a ń so ó mọ́. Nígbà tí iná ń kọjá, ó tì. Nígbà tí a gé iná, ó ṣí, ìṣàn òṣùká á sì máa yí po nínú rẹ̀ títí yóò fi kú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí ó bá so ó lódì yóò jó o. Ó sì ní àbùkù kan tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ máa ń gbàgbé: bí a bá so ó mọ́ òṣùká rẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀, òòfà rẹ̀lẹ́ kì í tètè kú, ẹnu rẹ̀ á lọ́ra láti pínyà, afárá iná á sì pẹ́ níbẹ̀. Díọ́dù Zener ni àwọn tí ó mọ̀ ń fi kún un kí agbára náà lè tètè tán.

Iná ilé, tí ń lọ tí ń bọ̀, kò gba irú díọ́dù bẹ́ẹ̀. Kọ̀ńdáńsátọ̀ àti résístáǹsì tí a so tẹ̀lé ara wọn ni a ń lò fún un: 0,1 microfarad pẹ̀lú 100 óòmù ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Résístáǹsì ni kì í jẹ́ kí kọ̀ńdáńsátọ̀ da gbogbo ohun inú rẹ̀ lu ẹnu rẹ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá tún pàdé. Ẹ ra kọ̀ńdáńsátọ̀ tí wọ́n kọ X2 sí lára, èyí tí a ṣe fún iná ilé. Ẹ sì mọ̀ pé bí a bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀lẹ́, ìṣàn díẹ̀ yóò máa kọjá bí rẹ̀lẹ́ tilẹ̀ ṣí. Ó lè mú kí gílóòbù LED máa tàn fírífírí lóru. Ó sì lè gbọn ènìyàn. Nítorí náà, ẹ pa disjoncteur kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí ọ̀rọ̀ ìpàdé. Nígbà tí ẹnu méjì bá kọlu ara wọn, wọ́n máa ń ta padà lẹ́ẹ̀mélòó kan kí wọ́n tó fara balẹ̀, bí bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ sílẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni pọ́ǹpù tí ń gbéra ń fa ìṣàn ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtapadà kọ̀ọ̀kan, ìpínyà kékeré ni, afárá iná sì ń bá a rìn. Bí agbára iná bá tún lọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òṣùká kò ní lágbára láti di irin mú. Irin á máa gbọ̀n, á máa ké kẹ́kẹ́kẹ́, ẹnu rẹ̀ á sì jó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi rẹ̀lẹ́ tí ó ṣe wẹ́kú síbi pọ́ǹpù. Contacteur tí a kọ AC-3 sí lára, tí áńpíà rẹ̀ sì ju ti pọ́ǹpù lọ dáadáa, ni ó yẹ ẹ́. Ẹ má sì fi bébà oníyanrìn ha ẹnu fàdákà: dúdú tí ó wà lórí rẹ̀ kì í sábà dí iná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n fàdákà tí ẹ bá ha dànù kò ní padà.

Èyí tí ó ká mi lára jù lọ ni ti oòrùn. Ẹ gbójú sókè wo òrùlé Dowa, ẹ ó rí i pé páńẹ́lì ń pọ̀ sí i. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n iná páńẹ́lì kì í ṣe irú iná tí SBEE ń fún wa. Iná SBEE ń lọ ó ń bọ̀; nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó máa ń kan òdo, nígbà kọ̀ọ̀kan sì ni afárá iná ń rí àyè kú. Iná páńẹ́lì àti ti bátìrì ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kì í kan òdo. Bí afárá rẹ̀ bá ti dúró, ó lè máa jó títí irin àti ike yóò fi yọ́. Ẹ wo ara rẹ̀lẹ́ kékeré tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà: wọ́n kọ 10 áńpíà sí i fún fóltì 250 iná ilé, ṣùgbọ́n fún iná ọlọ́nà kan, fóltì 30 péré ni wọ́n fún 10 áńpíà náà. Bí ó bá sún mọ́ fóltì 110, irú rẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà lè gé ju ìdajì áńpíà lọ. Bẹ́ẹ̀ páńẹ́lì mẹ́ta tí a so tẹ̀lé ara wọn lè ju fóltì 100 lọ. Ẹni tí ó bá wá fi bọ́tìnnì iná ilé gé e, jórinjórin ni ó gbé sábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́ láti ka àmì. Àmì ìgbì kékeré jẹ́ ti iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Ìlà gbọọrọ kan, tí ìlà kejì tí a dá wà lábẹ́ rẹ̀, jẹ́ ti iná ọlọ́nà kan. Rẹ̀lẹ́, bọ́tìnnì tàbí disjoncteur tí kò bá ní àmì kejì yìí, pẹ̀lú fóltì tí ó tó ti páńẹ́lì yín, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ń tà á. Ẹ má sì fa wáyà páńẹ́lì yọ nígbà tí oòrùn ń ràn tí ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀tá kan náà ni àwọn tí ń bójú tó iná ńlá ń bá jà. Láti 2007 ni okùn iná fóltì 330.000 ti so Ìkẹjà ní Nàìjíríà mọ́ Sakété níbí. Ní ibùdó iná tí ó tóbi bẹ́ẹ̀, afárá iná ga ju ènìyàn lọ bí a bá jẹ́ kí ó dúró. Inú gáàsì tí ń pa afárá iná ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ẹnu irin ti pínyà, wọ́n sì ń fẹ́ gáàsì náà lu iná. Ohun tí ó bá ń ná wọn lówó tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí àwa fi wáyà kan ṣoṣo yanjú rẹ̀ lára ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí wà láàárín yín méjèèjì. Ìwé nìkan kò gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú, bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ tí kò bèèrè ìdí kò gba pọ́ǹpù wa là. Bí ohun kan bá jó lẹ́ẹ̀mejì ní ojú kan náà, ẹ bèèrè agbára tí ó há síbẹ̀, kí ẹ sì wá ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Contacteur ni ó wà lára ògiri wa báyìí, kọ̀ńdáńsátọ̀ àti résístáǹsì rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ohun líléfòó kan sì ti wà nínú kànga pẹ̀lú, tí yóò dá pọ́ǹpù dúró bí omi bá lọ sílẹ̀ jù. Ní ìdájí, ìyá mi máa ń gbọ́ ọ nígbà tí táǹkì bá kún: kẹ́! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á ní, “Ó ti gé e,” wọ́n á sì padà sùn.

Ó tún dìgbà kan ná.